Ẹ Jẹ́ Kí Akéwì Dúró Síwájú Àwòrán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsinmi. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ nípa àwọn akéwì tí wọ́n ń wá ka ewì sí mùsíọ́mù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n náà sọ ni pé àwòrán kò nílò agbẹnusọ. Pé ẹni tó bá wá wo àwòrán, kí wọ́n jẹ́ kó wò ó ní ìdákẹ́jẹ́. Àti pé bí mùsíọ́mù bá fẹ́ràn ewì tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó àwọn akéwì lọ sínú yàrá ìpàdé, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé fọ́tò àwòrán náà sára ògiri, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lọ bá wọn níbẹ̀. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù kọ ọ́, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mi ò lè dákẹ́, nítorí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sí.

Olùṣọ́ gbọ̀ngàn ni mí nínú mùsíọ́mù. Èmi ni ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn yín wá síwájú, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé dípò bírò. Àwọn èèyàn kì í sábà wo ojú wa. Àwa là ń wo ojú wọn. Tí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, mo lè sọ àwòrán tí wọ́n dúró tì àti èyí tí wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

Ohun tí mo sì ń rí nìyí. Èèyàn á wọlé, á wo àwòrán fìrí, á tẹ orí ba ka àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tún gbójú sókè láti mọ̀ bóyá ohun tí àkọlé wí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó parí, ó di àwòrán tó kàn. Kì í ṣe ojú mi nìkan ló rí i. Ní 2001, Jeffrey Smith àti Lisa Smith tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Metropolitan Museum of Art ní New York. Wọ́n ka àsìkò tí àwọn àlejò fi ń dúró níwájú iṣẹ́ ọnà. Ìdajì ìgbà tí èèyàn dúró ni kò ju ìṣẹ́jú àáyá 17 lọ. Àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ìlú mọ̀ọ́ká ni wọ́n sì lò fún un o! Nígbà tí wọ́n tún irú ìwádìí yẹn ṣe ní Art Institute of Chicago, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, àsìkò náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Ohun tuntun tó wọ̀ ọ́ ni pé àwọn èèyàn ti ń kẹ̀yìn sí àwòrán kí wọ́n lè ya fọ́tò ara wọn mọ́ ọn.

Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n bá ní kí á jẹ́ kí òǹwòran máa wò ní ìdákẹ́jẹ́, mo gbà pé ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wíwò ló ṣọ̀wọ́n.

Ọjọ́ tí akéwì bá wà níbẹ̀, nǹkan máa ń yàtọ̀. Àlejò á dúró sójú kan. Àwọn mìíràn á jókòó sílẹ̀, àwọn tí orúnkún ń dùn á gba àga àká lọ́wọ́ mi. Akéwì á bẹ̀rẹ̀. Tó bá dé orí ìlà tó sọ̀rọ̀ òjìji kékeré kan lábẹ́ àgbọ̀n obìnrin inú àwòrán, mo máa ń gbójú kúrò lára akéwì, mo máa ń wo àwọn tó ń gbọ́. Gbogbo ojú á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ó di abẹ́ àgbọ̀n yẹn. Òjìji náà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti kun àwòrán ọ̀hún, wọ́n sì ti kọjá lára rẹ̀ kí akéwì tó la ẹnu. Bí ewì bá parí, wọn kì í tètè lọ. Wọ́n á súnmọ́ okùn tí a ta síwájú àwòrán, wọ́n á máa fi ìka júwe fún ara wọn, èmi á sì máa rán wọn létí pé kí ìka má kọjá okùn. Ewì kò gba àwòrán lọ́wọ́ òǹwòran. Ó dá ojú rẹ̀ padà sí i ni.

Ẹ̀gbọ́n ní agbẹnusọ ni akéwì ń ṣe fún àwòrán. Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan tí gbogbo ayé mọ̀ wò. Ó wà ní mùsíọ́mù ọnà ti ìjọba ní Brussels, wọ́n sì ti ń pè é ní iṣẹ́ ayàwòrán Pieter Bruegel láti ọjọ́ pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan gbà báyìí pé ẹlòmíràn ló wo ti Bruegel kun ún. Ìṣubú Icarus ló dá lé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ìyẹ́ àti ìda ṣe apá fún, tó sì fò súnmọ́ oòrùn jù títí ìda fi yọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró síwájú rẹ̀, Icarus kọ́ lẹ máa rí. Àgbẹ̀ kan lẹ máa rí níwájú pátápátá, ó wọ aṣọ alápá pupa, ó tẹ̀ lé ẹṣin tó ń fa ohun ìtúlẹ̀. Ẹ óò rí darandaran tó fara ti ọ̀pá rẹ̀, tó gbójú sókè, àwọn àgùntàn yí i ká. Ẹ óò rí ọkọ̀ ojú omi tí afẹ́fẹ́ ti kún inú aṣọ ìgbòkun rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, apẹja kan na ọwọ́ síwájú, ó tẹjú mọ́ omi. Láàárín apẹja yìí àti ọkọ̀ náà ni ẹsẹ̀ méjì funfun kékeré ti ń jà lójú omi. Òun nìyẹn. Bí apẹja bá gbórí sókè díẹ̀, á rí i. Kò gbé e.

Akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. H. Auden, dé Brussels ní 1938, ó sì kọ ewì lórí rẹ̀. Ohun tó rí ni bí ìyà ṣe ń jẹ ẹnìkan tí ẹlòmíràn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Akéwì Amẹ́ríkà, William Carlos Williams, náà kọ tirẹ̀, nínú ìwé tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1963. Ìlà tirẹ̀ kúrú, ó ń sáré, ìgbà ìrúwé ló fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro ló gba ọkàn rẹ̀, ọmọ tó rì sómi ló wá fi kásẹ̀ rẹ̀ láìpariwo. Àwòrán kan náà ni. Tó bá jẹ́ pé agbẹnusọ ni wọ́n, à bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Oníkálùkù wá sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Nígbà tí ẹlẹ́rìí bá sì pé méjì, ẹni tó ń gbọ́ ò ní ṣàìfẹ́ lọ fi ojú ara rẹ̀ wò.

Àwòrán yìí kan náà ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí mi ò fi gbà pé yàrá ìpàdé tó. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 73, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 112. Ẹ fojú inú wo bí ẹsẹ̀ Icarus ṣe máa kéré tó nínú nǹkan tí èèyàn kan lè dá gbé. Tí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ gbé e sára ògiri yàrá ìpàdé, ẹsẹ̀ yẹn á tóbi, kedere báyìí ni ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á rí i. Kí ló kù nínú àwòrán náà? Kíkéré ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ayàwòrán fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà, fọ́tò sì ni ìròyìn. Kì í sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, kì í sọ ibi tí ọ̀dà ti nípọn tó sì yọ sókè, kì í sọ bí ó ṣe máa rí tí ẹ bá sún sọ́tùn-ún díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì yí.

Mo tún rántí ohun tí Museum of Modern Art ṣe ní New York ní 2015. Jacob Lawrence ló kun àwòrán 60 lórí bí àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń kúrò ní apá Gúúsù lọ sí àwọn ìlú ńlá apá Àríwá. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó parí wọn ní 1941. Ó tò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń kun àwọ̀ kan yí gbogbo wọn ká kó tó mú àwọ̀ mìíràn, kí pupa inú èyí lè jẹ́ pupa inú ọ̀hún gan-an. Ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, bá a ṣe pátákó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá a tún ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe. Mùsíọ́mù méjì ló pín wọn rà, ọ̀kan mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pín sí méjì geere, èkejì mú ìyókù. Ní 2015 ni wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n sì ní kí akéwì Elizabeth Alexander yan akéwì mẹ́wàá tó máa kọ ewì tuntun sí i. Rita Dove wà nínú wọn, Yusef Komunyakaa wà níbẹ̀, Natasha Trethewey náà.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ Lawrence ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lábẹ́ kí akéwì kankan tó dé. Ó lè dà bíi pé kò sí àyè mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà 15. Ẹ̀ka igi kan ló na gbọọrọ, okùn tí wọ́n ti ta ní kókó so mọ́ ọn, kò sí ohunkóhun nínú okùn. Ẹnìkan tó wọ pupa ká kò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé orí sábẹ́. Kò sí òkú, kò sí apànìyàn. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ pé wọ́n ń fi okùn pa àwọn èèyàn, ó sì sọ bó ṣe ń lé àwọn tó kù kúrò nílùú. Ta ni ẹni tó wọ pupa yẹn? Kí ni wọ́n pa fún un, ọkọ ni tàbí ọmọ? Lawrence kò sọ. Ibẹ̀ ni akéwì ti lè wọlé, láìfọwọ́ kan ohun tí Lawrence ti sọ.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ bíi pé tí akéwì kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ ọnà á wà láìsí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri mùsíọ́mù kún fún ọ̀rọ̀. Ẹnìkan ló jókòó tó kọ àkọlé yẹn, ó yan ohun tó sọ, ó yan ohun tó fi sílẹ̀. Akéwì Robin Coste Lewis fi èyí hàn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn National Book Award ní 2015 ní ewì gígùn kan nínú tó jẹ́ pé àkọlé àti àpèjúwe iṣẹ́ ọnà tí obìnrin dúdú wà nínú wọn ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó kàn tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, láti ayé àtijọ́ títí dé àkókò wa, ó sì hàn gbangba irú ojú tí àwọn tó kọ àkọlé fi ń wo obìnrin bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí mo ti ka ewì yẹn, mi ò ka àkọlé bí ẹni tó ń tòògbé mọ́. Mo ń béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ sọ nípa ìyá kan. Ọ̀pá funfun ló fi ń rìn, ọmọbìnrin kan dì í lọ́wọ́ mú wá síbi ìkàwé ewì kan tí mo ṣọ́. Mo gbé àga fún un sí iwájú. Àwòrán obìnrin kan tó jókòó ni ewì náà dá lé, akéwì sì sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ rẹ̀ tó gbé lé orí tábìlì, ìka rẹ̀, òrùka tó ti há jù mọ́ ọn. Ó kà á dáadáa. Nígbà tó parí, ìyá náà ní, “Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ kejì ńkọ́?”

Akéwì dákẹ́. Ó yíjú padà sí àwòrán. Gbogbo wa náà yíjú. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó fún yín.” Ó súnmọ́ okùn, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bó ṣe ń rí i: pé ọwọ́ kejì wà lábẹ́ ìborùn, pé èèyàn ò rí i, àmọ́ aṣọ ga sókè níbì kan, ó sì fún mọ́ra, ó dájú pé ó di nǹkan mú lábẹ́ ibẹ̀. Ìyá náà béèrè bóyá aṣọ ga tó ìkúùkù tàbí ó jù ú lọ. Akéwì ní ó jù ú lọ. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn ohun tó lè jẹ́. Mo ń gbọ́ wọn, mo ń wo aṣọ yẹn, àlejò kankan kò tíì bi mí nípa rẹ̀ rí. Ká ní yàrá ìpàdé la wà, níbo ni akéwì ì bá súnmọ́? Ara ògiri tí ẹ̀rọ tan iná sí?

Kò sí ohun tí mo fẹ́ bo lójú ẹ̀gbọ́n. Àwọn ìkàwé ewì kan wà tí kò dára, mo sì ti ṣọ́ wọn. Akéwì mìíràn á ka àkọlé ara ògiri, á pín in sí ìlà kúkúrú, á ní ewì ni. Ẹlòmíràn á sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ títí, àwòrán á wà lẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bojú wẹ̀yìn. Ètò kan wà tí wọ́n gbé pátákó ńlá tí orúkọ àwọn tó ṣe é wà lára rẹ̀ síwájú iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn wá yẹ́ sí. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Irú èyí ni ó yẹ ká jọ bá wí, ẹ̀gbọ́n àti èmi.

Ohun tó sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pé àsìkò tí wọ́n ń fún akéwì kò tó nǹkan. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá ọjọ́ fún un, òun pẹ̀lú àwòrán á wá kọ́kọ́ fojú kojú ní ìrọ̀lẹ́ tí yóò kà á. Nígbà tí akéwì Rainer Maria Rilke wà ní Paris ní oṣù kẹwàá 1907, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ ayàwòrán Cézanne, ẹni tó kú lọ́dún tó ṣáájú. Rilke ń padà lọ síbẹ̀ ṣáá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, ó sì ń kọ lẹ́tà sí Clara ìyàwó rẹ̀ nípa ohun tó rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti àfihàn náà pa, ó kọ̀wé sí i nípa àwòrán ìyàwó Cézanne tó jókòó sórí àga pupa, bí àwọ̀ kan ṣe ń dá èkejì lóhùn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwòrán náà wà ní Boston lónìí. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 17 ló fi wò ó. Mùsíọ́mù tó bá fẹ́ kí akéwì wá kà, kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ìwé àyè láti máa wọlé fàlàlà, kí ó wá láàárọ̀, kí ó wá lálẹ́, kí ó jókòó. Àwa olùṣọ́ ò ní lé e.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí ẹni tó bá ń ṣètò gbọ́dọ̀ mọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ tẹ̀ wọ́n síta torí kì í ṣe gbogbo akéwì ló mọ̀ wọ́n. Iná gbọ̀ngàn kì í mọ́lẹ̀ bíi ti ilé. Níbi tí àwòrán orí bébà bá wà, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí a sábà ń fàyè gbà ni lux 50 (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), nítorí iná ń jẹ bébà, ó sì ń pa àwọ̀ rẹ̀. Àwòrán ọ̀dà olóròóró lè gbà tó 200. Akéwì tó bá kó lẹ́tà wínníwínní wá kò ní rí i kà. Kí ó tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, tàbí kí ó há a sórí, èyí tó dára jù. Kò gbọ́dọ̀ tan iná fóònù sí iwájú àwòrán. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa le, ògiri rẹ̀ ń dá ohùn padà, nítorí náà kí ó rọra kà, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan balẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Kò nílò ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí èrò ò bá pọ̀, èrò ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀, torí èémí àti ooru ara èèyàn ń yí afẹ́fẹ́ gbọ̀ngàn padà, igi àti aṣọ tí wọ́n kun àwòrán sí sì ń mọ̀ ọ́n lára. Kí akéwì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má dúró sí àárín. Tó bá kà tán, kí ó kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gba ìbéèrè, kí àwọn èèyàn lè wò ó láìrí òun.

Ti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ wò láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ wọn ni, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún un. Kí mùsíọ́mù lẹ ọjọ́ àti wákàtí ìkàwé ewì mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn bíi tiyín, kí ẹni tí kò fẹ́ lè mú àsìkò mìíràn. Wákàtí tí a fi ń ka ewì kò tó nǹkan nínú iye wákàtí tí ilẹ̀kùn wa fi ń ṣí sílẹ̀.

Mo sì ń fi àsìkò yìí pe ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, níbi tí akéwì bá ti ń kà lójúkorojú pẹ̀lú iṣẹ́ tó kọ nípa rẹ̀. Kí wọ́n béèrè àga lọ́wọ́ olùṣọ́, a máa ń ní. Kí wọ́n jókòó sí ibi tí iná kò ti ní tàn sí dígí ojú àwòrán. Bí ewì náà kò bá dára, kí wọ́n tún kọ lẹ́tà sí olóòtú, kí wọ́n sọ ìlà tí kò dára nínú rẹ̀ àti ohun tí akéwì kùnà láti rí. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wù mí í kà gan-an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùṣọ́ gbọ̀ngàn àwòrán kan